Bí a ṣe lè bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa iyán

Ìbéèrè láti Houston: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì. Bàbá mi, tí wọ́n dé láti Ìkéré lóṣù tó kọjá, ní àtọ̀gbẹ. Dókítà ní kí wọ́n dín yam kù, kí wọ́n sì máa rìn, ṣùgbọ́n wọ́n ti yarí pé ọmọ Èkìtì kì í kọ iyán sílẹ̀. Báwo ni ẹ ṣe ń bá àwọn àgbà yín ṣe é?

Èsì láti Maryland: Àbúrò mi, kọ́kọ́ padà bi dókítà náà pé irú iṣu wo ni ó ní lọ́kàn, nítorí pé ọ̀dùnkún ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ń pè ní yam, ó sì ṣeé ṣe kí ó má tíì fojú kan iyán rí. Nígbà tí wọ́n rí àtọ̀gbẹ lára tèmi, mo gbé iyán alẹ́ mi sórí ìwọ̀n, ó lé ní gíráàmù 500, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ lọ fi han dókítà. Kò ní kí n jáwọ́ pátápátá. Àwo pẹrẹsẹ kan ni ó yà sórí ìwé: ẹ̀fọ́ gba ìdajì rẹ̀, ẹja tàbí ẹran gba ìdá kan nínú mẹ́rin, iyán sì gba ìdá kan yòókù. Ó ṣàlàyé pé iṣu tí a ti gún kúnná máa ń tètè di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ ju èyí tí a sè lásán lọ, nítorí náà iṣu sísè díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni mò ń jẹ láàárín ọ̀sẹ̀, iyán sì di ti ọjọ́ Àìkú. Kí n má purọ́, oṣù àkọ́kọ́ kò rọrùn rárá. Ní ti ìrìn, ìṣẹ́jú 30 lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni. Nígbà òtútù, inú ilé ìtajà ńlá ni mo ti ń rìn ín.

Èsì láti London: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ìyá mi pè mí láti Adó pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò ka 140 fún wọn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ figbe ta, nítorí pé 7 tàbí 8 ni tèmi máa ń kà ní Ìlú Ọba níbí. Àṣé ìwọ̀n tí ẹ̀rọ tiwọn ń lò (mg/dL) yàtọ̀ sí ti ibí (mmol/L), a kàn ní láti fi 18 pín in ni, 140 sì di 7.8. Ẹ má sì fi àgbo ewúro tí Bàbá bá gbé wá láti ilé pamọ́ fún dókítà, torí pé bí wọ́n bá ń lò ó pọ̀ mọ́ oògùn, ṣúgà lè lọ sílẹ̀ jù. Bí òógùn bá ń bò wọ́n, tí ara wọn ń gbọ̀n, tí ẹ̀rọ yín sì ka iye tí kò tó 70 (mg/dL), ẹ fún wọn ní ìdajì ife omi ọsàn, kí ẹ sì tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

Houston: Mo dúpẹ́ gan-an ni. Bàbá ti gbà pé kí a máa wọn iyán, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni àwọn yóò máa gbé e sórí ìwọ̀n.