Módẹ́ẹ̀mù mi nínú kọ̀ńténà

Ìyá Títí, Ẹ̀pẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kọ̀ńténà onírin ni ṣọ́ọ̀bù mi, lọ́nà ọjà ẹja Olúwo. Ìwé ni mo ń tẹ̀, mo sì ń bá àwọn ọmọ wo èsì ìdánwò. Tí módẹ́ẹ̀mù bá wà lórí tábìlì, ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ló ń fi hàn. Tí mo bá gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó di mẹ́rin, síbẹ̀ nǹkan á kàn máa yí bírí ni. Lánàá, ọmọ kan jókòó tì mí títí ìyá rẹ̀ fi wá fà á lọ, a ò rí èsì kankan. Mo wọ 192.168.8.1, ojú ewé sẹ́tìnsì módẹ́ẹ̀mù, mo bá RSRP -112, SINR 1. Kí ni kí n yí? Ẹ má ní kí n pa á kí n tún tàn án o, ọwọ́ ti ń ro mí.

Bọ̀dá Wáyà: Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ má gba ìlà yẹn gbọ́. RSRP ni agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń dé ọ̀dọ̀ yín. Àmì ìyọkúrò ló wà níwájú rẹ̀, nítorí náà -85 sàn ju -112 lọ. Ti SINR, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe borí ariwo tó ló ń sọ, bó bá ṣe ga tó ló ṣe dáa tó. 1 yẹn, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láàárín Olúwo lọ́jọ́ ọjà ni. Kò sí sẹ́tìnsì tó ń la irin kọjá. Ẹ gbé e síta, kí ẹ fi wáyà fa íntánẹ́ẹ̀tì wọlé.

Àkànní: Ẹ yọ ọ́ kúrò ní Auto, ẹ fi sí 4G nìkan, kó má máa sá lọ bá 3G. Tó bá ní ibi tí wọ́n ti ń yan band, ìyẹn ọ̀nà ìgbì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Band 800 ń rìn jìnnà, ó sì ń wọ ilé. Àmọ́ ó lè kún fún èrò.

Ọmọ Ọ̀sà: Ṣé kì í ṣe dátà ló tán ṣá?

Ìyá Títí, Ẹ̀pẹ́: Ọmọ Ọ̀sà, o ò níṣẹ́. Mo ti so ó mọ́ òpó àtíbàbà, mo fi ike áísìkirîmù dé e nítorí òjò. RSRP di -94. Lórí 800, ìlà kún, SINR ò ju 3 lọ. Mo tì í mọ́ 1800, ìlà dín kù, SINR di 14, èsì ọmọ yẹn sì jáde kí n tó mu omi tán. Àmọ́ lọ́sàn-án yìí, ike náà gbóná bí ìkòkò.

Bọ̀dá Wáyà: Ẹ lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, nísàlẹ̀, mà. Ẹ má lu orí rẹ̀.