Kí ló dé tí pH omi ẹja mi ń yí lójoojúmọ́, tí ti ẹ̀jẹ̀ kì í yí?

Àgbẹ̀ Àrọ̀, Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kẹ́mísìrì. Kòtò méjì ni mo fi ń sin ẹja àrọ̀. Ní ìdájí, pH omi kòtò kìíní (òǹkà tó ń sọ bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó; bó bá ṣe kéré sí ni ásíìdì ń pọ̀ sí) máa ń jẹ́ 6.5, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, á ti kọjá 9. Ti kòtò kejì, tí mo da láìmù (ẹ̀tù òkúta funfun, kì í ṣe ọsàn) sí, kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Ọmọ mi tó wà ní girama sọ pé bọ́fà ni, pé òun náà ló ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Olùkọ́ Kẹ́mísìrì, Ẹ̀pẹ́:
Òótọ́ ni ọmọ yín sọ, ẹ bá mi kí i. Bọ́fà kò ní kí ásíìdì má wọlé. Bó bá wọlé tán ló ń gbà á mọ́ra. Láìmù yín ti sọ baikabónéètì, irú èyí tó wà nínú baking soda, sínú omi, nítorí náà bí ásíìdì bá dé, baikabónéètì á mú un, wọ́n á jọ di ásíìdì kábọ́níìkì tí kò lágbára, èyí tó lè pín sí omi àti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́síìdì. Lóru, èémí ẹja àti ti àwọn ohun tíntìntín tó sọ omi di aláwọ̀ ewé ń fi afẹ́fẹ́ yìí kún omi, á padà di ásíìdì kábọ́níìkì, pH á sì wálẹ̀. Lọ́sàn-án, àwọn aláwọ̀ ewé náà á fà á jẹ, pH á gòkè. Kòtò kìíní kò ní ohun tó lè dì í mú.

Ẹ bu omi òjò sí ife kan, ẹ po baking soda díẹ̀ sí ife kejì, kí ẹ kán omi ìṣápá tí a fi ń ṣe zobo sí méjèèjì, kí ẹ wá máa kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí wọn. Ti omi òjò á pọ́n kíá, àmì pé ásíìdì ti borí. Ti sódà á máa hó bí kábọ́ọ̀nù dáyọ́síìdì ṣe ń jáde, àwọ̀ rẹ̀ tó jọ búlúù á sì dúró pẹ́, àfi ìgbà tí sódà bá tán. Ọjọ́ tí mo ṣe é, gbogbo kíláàsì ló ń bá mi ka ẹ̀kán. Bọ́fà máa ń tán, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí gan-an nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì, Ìkòròdú:
Híhó tí Olùkọ́ sọ yẹn ni ẹ̀dọ̀fóró ń bá wa ṣe. 7.35 sí 7.45 ni pH ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ọkàn lọ sí ara, baikabónéètì inú rẹ̀ sì tó ìlọ́po 20 ásíìdì kábọ́níìkì. A ń mí kábọ́ọ̀nù dáyọ́síìdì síta, kíndìnrín ń da ásíìdì sínú ìtọ̀, ó sì ń dá baikabónéètì padà sínú ẹ̀jẹ̀; ìdí nìyẹn tí ti ẹ̀jẹ̀ kì í fi í tètè tán bíi ti inú ife. Mo ti dúró ti aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà tí ásíìdì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Orí ibùsùn ló wà, síbẹ̀ ó ń mí kíkankíkan bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Ara rẹ̀ ló ń sa gbogbo ipá láti lé ásíìdì náà jáde.

Àgbẹ̀ Àrọ̀, Ìkòròdú:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé pH nìkan kọ́ ló yẹ kí n máa wọ̀n nìyẹn?

Olùkọ́ Kẹ́mísìrì, Ẹ̀pẹ́:
Rárá o, pH nìkan kò tó. Omi méjì lè jọ jẹ́ 7, kí ọ̀kan ní bọ́fà, kí èkejì ṣófo. Ẹ ra èyí tí wọ́n fi ń wọn alkalinity, ìyẹn bí ohun tó ń gba ásíìdì mọ́ra ṣe pọ̀ tó nínú omi. Bí ó bá kéré sí mílígíráàmù 20 nínú lítà kan, ẹ da láìmù àgbẹ̀ sí i, kì í ṣe èyí tí wọ́n sun, nítorí ìyẹn lè gbé pH sókè lójijì, kó sì pa ẹja.