Ṣé pààrọ̀ ni ooru ń ṣe ni?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé ṣáájú dábàá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún heat exchanger, ẹ̀rọ tí ohun gbígbóná ti ń fi ooru fún ohun tútù láìdàpọ̀. Irú tó ń jẹ́ shell-and-tube, níbi tí omi ti ń ṣàn nínú àwọn páìpù tí òróró sì ń ṣàn yí wọn ká nínú àgbá, ló ní kí a máa pè ní "ẹ̀rọ ìpààrọ̀ ooru oníkarahun". Mo fara mọ́ "ẹ̀rọ", mo fara mọ́ "ooru". Ìyókù ni mo ní ẹjọ́ lé lórí.

Bí èmi àtẹ̀yin bá pààrọ̀ aṣọ, tèmi á dé ọ̀dọ̀ yín, tiyín á dé ọ̀dọ̀ mi. Ooru kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ohun tó gbóná ló ti ń kúrò lọ sọ́dọ̀ ohun tó tutù, omi tútù kò sì dá nǹkan kan padà. Àbúrò kan tí mo ń kọ́ níṣẹ́ nígbà kan gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe dún létí rẹ̀: ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òróró tó wọlé ní 90°C yóò jáde ní 25, omi tó wọlé ní 25 yóò sì jáde ní 90. Mo jágbe mọ́ ọn. Àmọ́ kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Wọ́n ní pààrọ̀, ó sì bá wọn pààrọ̀ ọ́.

Ohun tó wà nínú iṣẹ́ tí mo fún un nìyí: òróró wọlé ní 90, ó jáde ní 50, omi wọlé ní 25, ó jáde ní 40. Ọ̀kan fi 40 wálẹ̀, èkejì fi 15 péré gòkè, síbẹ̀ iye ooru kan náà ló kúrò lára òróró tó dé ara omi. Ìdí nìyí tí mo fi mú "àtagbà" wá dípò "ìpààrọ̀". "Ta" ń bẹ níbẹ̀ fún ẹni tó ń fi sílẹ̀, "gbà" ń bẹ fún ẹni tó ń gbé e. Ẹ ó ní àwọn onírédíò ti gba ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àtagbà ooru kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

"Ìkarahun" mú mi rántí ìgbín. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ń sọ gùn, ó rí roboto, ó sì lẹ́nu níhìn-ín lọ́hùn-ún. Àgbá ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ sọ pé "àgbá ọlọ́pàá" nítorí ọ̀pá tó kún inú rẹ̀, mo tún rántí pé wọ́n á máa wá ẹni tí ọlọ́pàá fẹ́ mú. Ẹ jẹ́ ká ní "àgbá onípáìpù".

Ti àwọn awo tí a tò sínú àgbá (baffle), ẹ̀gbọ́n pè wọ́n ní "ìdíwọ́". Wọn kì í dí nǹkan lọ́wọ́. A máa ń gé apá kan awo náà kúrò, ó sábà máa ń jẹ́ 25% ìdábùú àgbá. A gé ti àkọ́kọ́ lókè, a gé ti èkejì nísàlẹ̀, kí òróró lè máa gòkè sọ̀ kalẹ̀ láàárín páìpù. Àwọn ló tún ń gbé páìpù dúró kó má baà máa gbọ̀n. "Awo aṣẹ́rí" ni mo pè é. Òróró tó sì ń gba àlàfo tóóró tó wà láàárín awo àti àgbá kọjá, ẹ má pè é ní "jíjò", torí kò jáde síta. Ó yà bàrá ni. Ọ̀nà ìṣirò tí Kern gbé jáde ní 1950 kò ya ìṣàn ayàbàrá yìí sọ́tọ̀. Ọ̀nà ìṣirò mìíràn, ti Bell-Delaware, ló ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àròpín", tí ẹ̀gbọ́n fi pe ìyàtọ̀ ìgbóná tí a fi ń ṣírò bí ẹ̀rọ yóò ṣe tóbi tó (mean temperature difference), gan-an ló dùn mí jù. Bí omi àti òróró bá ń ṣàn pàdé ara wọn, ìyàtọ̀ ìgbóná wọn jẹ́ 50 ní ẹnu kan (90 dín 40), ó jẹ́ 25 ní ẹnu kejì (50 dín 25). Ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí méjì: 37.5. Ṣùgbọ́n níbi tí ìyàtọ̀ ti pọ̀, ooru ń yára kọjá, ìyàtọ̀ náà sì ń tètè dín kù. Lọ́gì (logarithm) la fi ń mú un, ó sì di 36.1. Bí páìpù bá tún gbé omi lọ tó gbé e bọ̀ nínú àgbá kan náà, a ó fi 0.92 (fún àwọn ìgbóná inú àpẹẹrẹ yìí) ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, yóò ku bí 33. Ẹni tó bá gbọ́ "àròpín" tó sì lo 37.5, ẹ̀rọ rẹ̀ á fi bí ìdá kan nínú mẹ́jọ kéré jù. "Agbedeméjì onílọ́gì" ni kí a wí, bó tilẹ̀ gùn.

Ó ku ti kọ̀ǹpútà. Sọ́fítíwià iṣẹ́ yìí máa ń béèrè èwo la fẹ́ nínú mẹ́ta: kó bá wa wá ìwọ̀n àgbá àti iye páìpù, tàbí kó sọ bóyá àgbá tó wà nílẹ̀ tó fún iṣẹ́, tàbí kó sọ bí òróró yóò ṣe gbóná tó nígbà tó bá jáde nínú àgbá yẹn. Ẹ̀kẹta yìí nìkan ló ń jẹ́ simulation níbẹ̀, àwa la ń pe gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní "ìṣètò" fún àkọ́kọ́, "ìgbéléwọ̀n" fún èkejì. Fún ẹ̀kẹta, "ìṣàfarawé" ló wà lọ́wọ́ mi, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá, àmọ́ kó má jẹ́ "ìsínjẹ" tí ẹnì kan dábàá. Ẹni tó bá ń sín ni jẹ, yẹ̀yẹ́ ló ń fini ṣe.