Bárakú kọ́, ìgbáralé ni

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín láti Gwagwalada. Nínú ìjíròrò wa lórí bí a ó ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn ní Yorùbá, ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ń gbé ní Kàdúná dábàá pé kí a máa pe aláìsàn tí kò lè wà láàyè láìgba oúnjẹ láti ojú iṣan ní “ẹni tí oúnjẹ ojú iṣan ti di bárakú fún”. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn. Ọtí àti tábà ni í di bárakú fún ènìyàn, àìsàn tí kò gbóògùn náà sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí à bá fẹ́ kí ó kúrò lára wa ni méjèèjì. Ẹni tí wọ́n gé ìfun kékeré rẹ̀, tí èyí tó ṣẹ́kù kò tó mítà 2, kò ní àṣà burúkú kankan. Ìfun tó kù ni kò lè fa omi àti èròjà tó pọ̀ tó láti inú ohun tí ó bá jẹ. Ó gbára lé àpò oúnjẹ tí wọ́n ń fà sí i lójú iṣan ni, bí arúgbó ti ń gbára lé ọ̀pá.

Oògùn teduglutide, tí wọ́n fi ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù ní ọdún 2012, ló jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó jọ GLP-2, hòmóònù tí ìfun fúnra rẹ̀ ń tú jáde. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún un sábẹ́ awọ, fún oṣù àti ọdún. Nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní STEPS, ẹni tí ohun tí ó ń gbà lójú iṣan lọ́sẹ̀ bá fi ìdá 20 nínú 100, ó kéré tán, dín kù ni wọ́n kà sí ẹni tí oògùn ràn lọ́wọ́: 63 nínú 100 lára àwọn tó gbà á, àti 30 nínú 100 lára àwọn tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú. Bí ohun tí ẹnì kan ń gbà bá dín kù sí ìdajì, a lè sọ pé ìgbáralé rẹ̀ dín kù sí ìdajì. Ta ni ó ti gbọ́ ìdajì bárakú rí?

“Jíjá lẹ́nu ọmú” tí àǹtí wa nọ́ọ̀sì ní Kubwa mú wá gẹ́gẹ́ bí orúkọ fún dídín oúnjẹ ojú iṣan kù dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi í pamọ́ fún àwọn díẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ àpò náà pátápátá.

Ẹ má sì jẹ́ kí a fi “omi” rọ́pò “oúnjẹ” nínú “oúnjẹ ojú iṣan”. Òótọ́ ni pé a máa ń sọ pé wọ́n fa omi sí aláìsàn lára, àwọn Haúsá tí à ń bá gbé sì ń pè é ní ƙarin ruwa. Ṣùgbọ́n bí ẹbí bá gbọ́ “omi” nìkan, omi iyọ̀ ni wọn yóò rò, wọn kò ní mọ̀ pé ṣúgà, ọ̀rá àti èròjà tí í kọ́ ara ló wà nínú rẹ̀.