Òjò ò rọ̀ lásìkò mọ́, màlúù sì ń wọko: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi. Ìsẹ́yìn ni mo ti ń dáko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Lọ́dún yìí, òjò rọ̀ lóṣù kẹta, mo gbin àgbàdo, ọ̀dá sì dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Gbogbo rẹ̀ ló gbẹ. Mo tún un gbìn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti màlúù. Bí koríko bá ti tán lókè Ọya, àwọn darandaran á tètè sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gẹ́ wa ni màlúù wọn ń jẹ. Òfin tó ní kí wọ́n má da ẹran jẹ̀ ní gbangba ti wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 2019, ṣùgbọ́n oko mi jìnnà sí ìlú. Mi ò sì fẹ́ ìjà rárá. Àwọn Fúlàní kan wà tí wọ́n ti ń bá wa gbé láti ayé bàbá mi.

Ẹ jọ̀ọ́, irú àgbàdo wo ló ń tètè gbó, tó sì lè fara da ọ̀dá? Ṣé àgbẹ̀ kékeré lè rí i rà ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn? Ẹ̀yin tí ẹ ti bá darandaran ṣàdéhùn lórí ọ̀nà tí ẹran á máa gbà, ta lẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí?