Níbo lẹ ti pàdé orin tó yí ọwọ́ yín padà?

Oníkíbọ́ọ̀dù

Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Ẹ rántí alẹ́ Sátidé tí à ń bọ̀ láti òde ìgbéyàwó ní Òmù-Àrán, tí ọkọ̀ wa kọṣẹ́ lẹ́yìn Ìdófìàn. Ká tó rí mẹkáníìkì, gbogbo wa ti gbé fóònù jáde, kálukú ń ní ká gbọ́ tòun. Ariwo yẹn pọ̀ ju orin lọ. Mo ní ká kúkú kọ ọ́ síbí, kí àwọn tó ti sùn lọ nínú ọkọ̀ náà lè rí i. (Onígìtá, ìwọ ni mò ń bá wí.)

Òfin kan ló wà. Má kàn sọ fún wa pé orin kan dùn. Àwa tí à ń fi orin jẹun, kí la fẹ́ fi "ó dùn" ṣe? Sọ ibi tó o ti bá a pàdé, kó o sì sọ ohun tó ṣe ọ́.

Tèmi rèé. Ọ̀fà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ réluwé. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, yóò gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí àpótí níta, orin kan náà ni lójoojúmọ́. Àwa ọmọdé a máa sín in jẹ. Mo ti kúrò nílé, mo ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù gbowó, kí n tó mọ̀ pé I.K. Dairo, ọ̀gá olórin jùjú, ni bàbá yẹn ń gbọ́. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé Ọ̀fà yìí náà ni wọ́n bí I.K. Dairo sí! Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni orírun wọn, àmọ́ ọ̀dọ̀ wa ló ti ṣí ojú sáyé, ibẹ̀ ló ti lọ ilé ìwé kówó tó wọ́n àwọn ará ilé rẹ̀. Nígbà tó padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, iṣẹ́ gbàjámọ̀ ló lọ ń ṣe, ìlù tí bàbá rẹ̀ kàn fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 7 ló gbé dání. Ọkùnrin tó ń gẹ irun fún èèyàn yẹn náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963. Mo gbé ní Ọ̀fà títí mo fi hu irùngbọ̀n, ẹnì kan ò sọ ọ́ fún mi rí.

Akọ́díọ̀nù rẹ̀ ló wá mú mi. Kíbọ́ọ̀dù mi ní ohùn akọ́díọ̀nù nínú, mo tẹ̀ ẹ́, kò jọ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ìyàwó mi ní kí n jọ̀ọ́ kí n pa á. Ìgbà tí mo wo fídíò ẹnì kan tó ń tẹ akọ́díọ̀nù ni ojú mi tó là. Ọwọ́ òsì ọkùnrin náà ń fa àpótí yẹn ṣí, ó ń tì í padé, bí àyà ẹni tó sáré dé. Ohùn náà ń mí ni! Kíbọ́ọ̀dù kì í mí. Bó o bá ti tẹ̀ ẹ́ ló ṣe máa wà. Mo wá lọ ra pẹ́dálì tó ń gbé ohùn sókè sódò, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ló ń bá mi mí báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń béèrè ohun tí ẹsẹ̀ mi ń wá lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, ẹ ti gbọ́.

Ó yá, ta ló kàn?

Onígángan

Ẹ ṣé, bọ̀ọ̀dá wa. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní ọmọ Àyàn, télọ̀ ni bàbá mi, ní Ìta-Àmọ́dù nílùú Ìlọrin. Kò sẹ́ni tó lu ìlù nílé wa rí. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni mo ti kọ́ gángan.

Bàbá mi ò lè rán aṣọ láìsí Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú, olórin dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ń wa maṣíìnì, Ọdọ́láyé ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀ láti orí férémù fèrèsé. Kásẹ́ẹ̀tì náà ti gbó débi pé àwọ̀ ara rẹ̀ ti ṣí. Èmi ni mo máa ń ki bíírò bọ ihò rẹ̀, màá máa yí i padà sẹ́yìn kí bátìrì má bàa tètè kú. Ẹni tí kò bá fi bíírò yí kásẹ́ẹ̀tì rí, kó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé rọ́bà inú rédíò yẹn ti dẹ̀. Gbogbo orin tó ń jáde níbẹ̀ ń wọ́ ni, bí ẹni tí oorun ń kùn. Èmi rò pé bí dàdàkúàdà ṣe rí nìyẹn! Mo jókòó tì í, mo kọ́ ọ ní ẹyọ ẹyọ: ibi tí gúdúgúdú ti ń sọ kúlúkúlú lábẹ́, ibi tí elégbè ti ń gba orin lẹ́nu rẹ̀, ibi tí gángan ti ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.

Ẹgbẹ́ kan ní kí n wá bá àwọn lu ìlù lóde ìsọmọlórúkọ kan (mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ má bi mí). Bí olórin wọn ṣe lanu, mo mọ̀ pé mo ti kú. Ó ń sáré. Kí gángan mi tó sọ "ẹ káàbọ̀" tán, òun ti ń sọ "ó dàbọ̀". Mò ń lé e kiri bí ẹni tí mọ́tò já sílẹ̀. Ẹlẹ́gbè kan yí ojú padà, ó bi mí pé, "Alfa, ṣé ara yín le?" Owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n fún mi lọ́jọ́ náà.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn tí mo rí ọkùnrin kan lẹ́bàá Ọjà-Ọba tó ń bá èèyàn gbé orin kásẹ́ẹ̀tì sórí mẹ́mọ́rì. Mo gbé ti bàbá mi fún un. Ó fi sẹ́nu ẹ̀rọ tirẹ̀, mo ní, "Ọ̀gá, ẹlòmíì lẹ fi sí i." Ó rẹ́rìn-ín títí. Ọdọ́láyé náà ni, rédíò gidi ni mi ò gbọ́ ọ rí.

Síbẹ̀ mi ò kábàámọ̀ o. Ẹni tó bá gbọ́ ọ bó ṣe ń yára, ẹ̀rín àti àwàdà rẹ̀ ló máa gbé e lọ. Èmi gbọ́ ìlù tó wà lábẹ́ ẹ̀rín. Nǹkan míì tún wà níbẹ̀. Àwọn tó mọ ìtàn dàdàkúàdà sọ pé ẹnu àwọn eléégún ló ti ṣẹ̀ wá, kí ẹ̀sìn tó gba ìlú. A sì máa ń ki ara wa pé Ìlọrin tó jìn tó tóbi tó, kò léégún, ẹṣin leégún ilé bàbá wọn. Ẹ dákun, ṣé eégún yẹn lọ lóòótọ́, àbí aṣọ nìkan ló bọ́, tó wá ku ẹnu?

Olórin

Ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin! Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀. Télọ̀ ló bí ọ, o wá ń gba owó onílù lọ́wọ́ wa láti ọjọ́ yìí.

Onígìtá

Mi ò sùn nínú ọkọ̀, ojú ni mo dì.

Tèmi ò gùn. Ohùn kan wà nínú àwo tí Island Records gbé jáde fún King Sunny Adé ní 1982, ó máa ń yọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí epo lójú páànù. Ọdún gbọọrọ ni mo fi ń bá àwọn èèyàn jiyàn pé kíbọ́ọ̀dù ni. Ọjọ́ tí mo rí fídíò ẹgbẹ́ wọn ni mo rí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù tó jókòó bí ẹni tó pàtẹ ọjà, gìtá rẹ̀ wà ní ìdùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, irin pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń ra okùn. Gìtá ni! Irú àwọn Amẹ́ríkà tó ń kọ orin darandaran.

Mi ò lówó irú ẹ̀. Igo lọ́fíńdà kékeré tí àwọn alfa máa ń tà lẹ́yìn Jímọ̀ ni mo mú, mo há a sáàárín ìka, mo fi ń yọ̀ lórí okùn. Ó ṣiṣẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìdérí rẹ̀ ò fún dáadáa, gìtá mi ń ta sánsán fún oṣù méjì.

Olórin

Ẹ̀yin lẹ ní òórùn yẹn! Mo ti fura sí Injiníà láìmọ̀.

Ẹ gbọ́ tèmi. Ìgbómìnà ni mí, Òrò ni wọ́n ti bí mi, inú kóòsì ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ orin. Ní kóòsì, gbogbo yín lẹ jọ ń mí, ẹ̀ẹ̀kan náà, bí ọ̀gá bá ṣe gbọ́wọ́. Nígbà tí mo dé Ìlọrin tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lóde, bí mo ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, èmi nìkan ni màá kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìdajì òde, ohùn mi á ti há.

A lọ ṣeré ìgbéyàwó kan ní Adétà. Ebi ń pa mí, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ wá nǹkan jẹ. Àwọn ìyá bíi mẹ́fà wà nídìí iná, wọ́n ń kọ wákà. Kò sí ìlù kankan, àtẹ́wọ́ nìkan. Ìyá tó ń lé orin ló ń ro àmàlà, ìkòkò náà ga tó àyà mi, ó di ọmọrogùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bó bá ti fi agbára ti ọmọrogùn sísàlẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ á já, orin á já. Kí ó tó hàn pé ó já, ìyá tó ń fọ àwo lápá kejì á ti gbé e. Ẹnikẹ́ni ò wo ẹnikẹ́ni. Nígbà míì ìyá àwo náà á bu omi, ẹlòmíì á tún gbé e. Orin náà ò kan ilẹ̀ títí àmàlà fi jinná. Mo dúró síbẹ̀ débi pé ẹ̀yin ń wá mi kiri, mo gbàgbé ebi.

Ẹ ò rí i pé láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fi ìdajì ìlà sílẹ̀ fún ẹlẹ́gbè? Bọ̀ọ̀dá oníkíbọ́ọ̀dù rò pé mo máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ orin. N kì í gbàgbé, sà. Mò ń ro àmàlà ni.

Oníkíbọ́ọ̀dù

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, àǹtí wa. Mo ti ń bá yín kọ ọ̀rọ̀ orin sí ìwé ńlá láti ọdún tó kọjá.

Injiníà

Ẹ̀yin ẹ ń sọ kásẹ́ẹ̀tì àti fídíò. Èmi tí mo ń gbé ẹ̀rọ tó tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta, tí mo ń wá jẹnẹrétọ̀ kiri, ta ló ń bi mí ohun tí mo ń gbọ́?

Òkèlélé ni mò ń gbé. Ààwẹ̀ tó kọjá, a ti òde dé ní aago kan òru, oorun sì ń gbé mi lọ nígbà tí àwọn ọmọ ajísààrì dé. Inú bí mi. Mo dìde kí n lọ lé wọn. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo wá rí ọmọkùnrin kan lẹ́yìn wọn tí kò ju ọmọ ọdún 10 lọ, agolo mílíìkì ló fi okùn kọ́ sọ́rùn, ó ń fi ṣíbí lù ú. Àwọn tó kù ń lù ú sí ibi tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ọmọ yìí ò lù ú síbẹ̀. Ó ń dúró kí wọ́n lù ú tán, yóò wá bọ́ sí àlàfo tó ṣẹ́kù, kín-ín, kín-ín. Mo rántí pé ibi tí fújì ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí, wéré tí Síkírù Àyìndé Bàrísítà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń jí àwọn èèyàn sí sààrì kó tó sọ ọ́ ní fújì, orúkọ òkè kan ní Jàpáànù.

Mo gbé fóònù, mo ká a sílẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ rí. Òun ni Dúrọ́mà ń lù lórí irin báyìí tí gbogbo ayé ń pariwo. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ fóònù mi dé òpin, ẹ óò gbọ́ ohùn ìyá àwọn ọmọ mi tó ní, "Ṣé kí o lé wọn ni o dìde, àbí kí o dara pọ̀ mọ́ wọn?"

Onígángan

Ẹ má sọ fújì láìdárúkọ ará Ìlọta wa o! Kollington Àyìnlá ló gbé bàtá wọ inú ẹ̀. Ẹ ò lè gbé e fún Èkó lọ.

Dúrọ́mà

Wọ́n ti sọ tèmi tán. Ẹ̀bùn tí mo ní kù ò sí nínú orin. Gbogbo wa la mọ Bàbá Sàlá, oní-aago ńlá lọ́rùn. Ẹ̀rín ni mo mọ̀ ọ́n mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ pé olórí ẹgbẹ́ olórin ni kó tó di aláwàdà, Federal Rhythm Dandies lorúkọ ẹgbẹ́ náà, Sunny Adé gan-an sì bá a ṣeré níbẹ̀ lọ́mọdé. Mo wá padà lọ wo àwàdà rẹ̀ tí mo ní, mo pa ojú dé, mo ń fi ìka lu tábìlì. Ó ń ka bíìtì! Kó tó sọ ibi tí ẹ̀rín wà, ó máa ń dákẹ́ fún ìlù kan. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Oníkíbọ́ọ̀dù

Mo ti gbìyànjú ẹ̀, òótọ́ ni. Sátidé aago mẹ́rin ní Táńkẹ̀ o, kí onígìtá fi lọ́fíńdà sílé. Onígángan, gbé kásẹ́ẹ̀tì yẹn wá, mo fẹ́ gbọ́ ọ bó ṣe ń wọ́.

Onígángan

Màá gbé e wá, sà. Kí ẹnì kan mú bíírò dání, àmọ́ kó má jẹ́ èyí tí ara rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́. Ó máa ń yọ̀ nínú ihò.