Lẹ́yìn tí wọ́n gé ọyàn: ẹ jẹ́ ká sọ tiwa

Láti Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Nígbà tí a ń gba kímò, ìyẹn oògùn líle fún jẹjẹrẹ ọyàn, ilé máa ń kún: ẹnìkan á gbé ọbẹ̀ wá, ẹlòmíì á wá gbàdúrà. Gbàrà tí irun bá ti hù padà, gbogbo ayé á ní ó ti tán. Ojú abẹ mi ṣì ń kú tipiri. Wọ́n yọ àwọn kókó inú abíyá mi, nítorí náà tí mo bá gbé korobá omi, apá yẹn á wú. Aṣọ wíwọ̀ náà lọ́gbọ́n tirẹ̀: mo ní kí télọ̀ rán àpò sínú kọ́mú mi, mo wá di jéró sínú aṣọ rírọ̀, mi kì í sè é. Òwú nìkan fúyẹ́ jù, ó máa ń gòkè lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin wa ni mo tìtorí wọn kọ̀wé. Ẹ mọ bí a ṣe ń wádìí ìdílé ká tó fọmọ fọ́kọ: ṣé wèrè wà níbẹ̀, ṣé wárápá wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ìwádìí yẹn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ìyá pa jẹjẹrẹ mọ́ra. Wọ́n á ní eéwo ni dókítà là. Àwọn ọmọ á wá dàgbà láìmọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n tètè máa lọ ṣàyẹ̀wò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́padé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó wà ní Chicago báyìí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ 1,136 obìnrin Nàìjíríà tó ní jẹjẹrẹ ọyàn wò. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2018 ni pé nǹkan bí 15 nínú 100 wọn ló jogún ìyípadà jíìnì, ohun inú ara tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, tó ń fà á. Ti jíìnì tí wọ́n ń pè ní BRCA1 ló pọ̀ jù. Nǹkan bí 85 yòókù, wọn ò bá a lára wọn. Ẹ sọ èyí fún àna tó bá ń bẹ̀rù. Tó bá sì jẹ́ tìdílé, ó lè ti ọ̀dọ̀ bàbá wá. Èmi pe ọmọ mi wọ yàrá, mo bọ́ bùbá, mo ní kó wò ó dáadáa.

Láti Peckham, London

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n mi. Níbí, láti ẹni 50 ọdún títí dé 71 ni NHS, ètò ìlera ìjọba, ń kọ̀wé pè fún mammogram, àwòrán tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ nínú ọyàn, lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta. Jẹjẹrẹ tèmi ti dé kí n tó pé 45. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọdọọdún ni wọ́n ń ya àwòrán ọyàn kejì fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Tí lẹ́tà yẹn bá ti wọlé, oúnjẹ kì í gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́, àfi ìgbà tí èsì bá dé. Tamoxifen, oògùn tí mo ń lò kí jẹjẹrẹ má bàa padà wá, ní tirẹ̀ ń mú mi gbóná lóru. Nínú òtútù oṣù kìíní, màá ṣí fèrèsé! Ṣùgbọ́n mi ò ní dá a dúró: ìwádìí tó jáde ní 2012 fi hàn pé fún irú tèmi, tí estrogen, èròjà kan nínú ara obìnrin, ń bọ́, ẹni tó lò ó fún ọdún 10 kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ewu kí jẹjẹrẹ padà wá bí ẹni tó lò ó fún ọdún 5.

Wọ́n fi ṣíṣe ọyàn tuntun lọ̀ mí, mo ní rárá. Ojú tí ọkọ mi máa fi wò mí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ó pẹ́ tó jẹ́ pé èmi ni mo ń sáré pa iná. Òun ló ń bá mi fi òrí pa ojú abẹ náà nígbà tí ọwọ́ mi ò gbé e. Ní báyìí, àyà mi tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì ń lọ lúwẹ̀ẹ́.

Láti Abẹ́òkúta

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin màmá mi. Èmi ni ọmọ tí wọn ò sọ fún. Àbúrò bàbá mi obìnrin kú, wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ló ń dùn ún. Ìyá bàbá mi náà, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n pè é. Mi ò tíì pé 35 tí mo fi rí kókó tèmi, kò sì dùn mí rárá. Irú tí Tamoxifen ò ràn ni. Mo ti gba ìtọ́jú tán, mo wá ń pe àwọn àbúrò bàbá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan bínú, ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n má fẹ́ ọmọ òun ni. Báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú ẹbí yín?

Láti Ìbàdàn

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má pè é lórí fóònù mọ́. Lọ bá a nílé, lọ́jọ́ tí ọmọ náà máa wà níbẹ̀. Ọmọ yẹn gan-an ni kó o bá sọ̀rọ̀.